Ọjọ́ Kan ní Ilé Oko Kírétè: Bí Ẹ Ṣe Lè Se Oúnjẹ Àwọn Gíríìkì Àtijọ́ Láti Ìdí Ààrò

Ẹni tó bá mọ ẹ̀bà tẹ̀, tó sì mọ gaàrí mu, ti mọ ìdajì iṣẹ́ yìí kó tó wọ ọkọ̀ òfuurufú. Àwọn Gíríìkì àtijọ́ pín oúnjẹ sí ọ̀nà méjì. Ọkà tí í yó ni ń jẹ́ sitos. Ohunkóhun tí a bá fi jẹ ọkà náà ń jẹ́ opson: ẹja ni o, wàràkàṣì ni o, ẹ̀wà ni o, ẹ̀fọ́ ni o. Òkèlè àti ọbẹ̀ náà nìyẹn. Wọ́n tilẹ̀ ní orúkọ fún ẹni tó ń pọ́n ọbẹ̀ lá láìmú òkèlè, opsophagos ni wọ́n ń pè é, orúkọ ẹ̀gàn sì ni. Socrates, ọlọ́gbọ́n ará Áténì, bá ọ̀dọ́mọkùnrin kan wí nídìí oúnjẹ nítorí ọ̀rọ̀ yìí gan-an, bí àwọn ìyá wa ṣe máa ń gbá ọmọ lọ́wọ́ bó bá kọ́kọ́ na ọwọ́ sí ẹran.

Mo fi èyí ṣáájú nítorí pé ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ṣe irú ọjọ́ báyìí máa ń gbé ẹran àti wáìnì síwájú, tí ọkà á wá di èrò ẹ̀yìn. Ọjọ́ bẹ́ẹ̀ kì í gún. Ọkà ni kí ẹ fún ní wákàtí tó pọ̀ jù. Ohun yòókù á tò tẹ̀lé e.

Ènìyàn mẹ́jọ ni mo ṣírò oúnjẹ yìí fún, nínú ilé oko tó ní ààrò amọ̀ onígi, irú èyí tó ṣì wà lẹ́yìnkùlé ọ̀pọ̀ ilé lábúlé ní apá Rethymno, ní erékùṣù Kírétè. Bí ẹ bá ń gbé ní Áténì, ọkọ̀ ojú omi alẹ́ á gbé yín débẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ìgbà tó yẹ kí ẹ lọ

Ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn oṣù Épírílì ni mo fẹ́ràn jù. Ewé ọ̀pọ̀tọ́ ti yọ nígbà náà, oje tí a ó fi sọ wàrà di wàràkàṣì ti ń ṣàn nínú ẹ̀ka rẹ̀, wàrà ewúrẹ́ sì pọ̀. Ìdí kejì ni òfin iná. Láti ọjọ́ 1 oṣù Karùn-ún títí di ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ni ìgbà ìdènà iná igbó ní Gíríìsì, ẹni tó bá dá iná síta gbangba lásìkò náà ń wá ẹjọ́. Kódà ní Épírílì, ẹ bi onílé bóyá iná ààrò kò ní wàhálà lọ́jọ́ náà, ẹ gbá gbogbo koríko gbígbẹ tó yí ààrò ká, kí ẹ sì gbé garawa omi méjì sí ìtòsí. Nọ́ńbà àwọn panápaná ni 199.

Mo ti dán an wò nínú oṣù Kejì rí, kí n tó gbọ́n. Mo gé ẹ̀ka ọ̀pọ̀tọ́, mo fi ro wàrà títí apá fi ro mí, wàrà ṣì jẹ́ wàrà. Igi náà ṣì ń sùn, kò sí oje kankan nínú rẹ̀.

Ohun tí ẹ ó fi sílẹ̀ nílé

Tòmátì, ata, ànàmọ́ òyìnbó àti àgbàdo kò gbọdọ̀ dé ibi ìdáná yín. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni gbogbo wọn ti wá, kò sì sí ẹni tó mọ̀ wọ́n ní Yúróòpù ṣáájú ìrìnàjò Columbus ní 1492. Ata rodo tí a rò pé ó bá wa dáyé, òkun kan náà ló là kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Sàláàdì onítòmátì tí gbogbo ilé oúnjẹ ń gbé fún àlejò ní Gíríìsì lónìí dùn púpọ̀, ṣùgbọ́n Pericles, aṣáájú Áténì àtijọ́, kò tọ́ ọ wò rí. Ẹ fi ṣúgà àti lẹ́mọ̀nù náà sílẹ̀. Oyin ni yóò fún wa ní adùn, ọtí kíkan ni yóò fún wa ní kíkan.

Mo mọ̀ pé ọwọ́ á máa yún yín láti ju ata díẹ̀ sínú ẹ̀wà. Ẹ rọ́jú. Lọ́jọ́ tí ata kò sí níbẹ̀ ni ẹnu á gbọ́ òróró ólífì bó ṣe ń ta ọ̀fun lẹ́yìn, á sì gbọ́ adùn ọkà tó gbóná iná.

N kì í fi ẹran sí i. Ọjọ́ ìrúbọ ni ọ̀pọ̀ mẹ̀kúnnù ayé ìgbà náà máa ń rí ẹran jẹ, tí wọ́n á sun egungun itan tí wọ́n fi ọ̀rá wé fún àwọn òrìṣà, tí wọ́n á sì pín ìyókù. Ọjọ́ iṣẹ́ lásán la fẹ́ ṣe. Plato, ọmọlẹ́yìn Socrates, kọ ọ́ sílẹ̀ bí ọ̀gá rẹ̀ ṣe to oúnjẹ irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀: maza, òkèlè pẹlẹbẹ ti ọkà báálì, àti búrẹ́dì àlìkámà tí a gbé ka orí esùsú tàbí ewé tó mọ́, iyọ̀, ólífì, wàràkàṣì, ẹ̀fọ́ bíbọ̀, lẹ́yìn rẹ̀ ọ̀pọ̀tọ́ àti ẹ̀wà oríṣi méjì, revithia àti fava. Òun ni mo fi ṣe òpó ọjọ́ wa. Ẹ̀wà lẹ́ńtìlì, ẹja àti dídín olóyin ni mo fi kún un.

Ọ̀rọ̀ pàtàkì kan nípa fava, ẹ̀wà fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ tútù tí wọ́n ń tà lórúkọ koukia ní Gíríìsì nígbà ìrúwé. Àwọn kan wà tí èròjà G6PD kò tó nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Ó wọ́pọ̀ láàárín àwa ará Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, ó sì wọ́pọ̀ létí òkun Mẹditaréníà pẹ̀lú. Ẹ̀wà yìí lè ba ẹ̀jẹ̀ irú ẹni bẹ́ẹ̀ jẹ́ láàárín ọjọ́ kan sí méjì, kí ojú rẹ̀ pọ́n bí ti ẹni tó ní ibà apọ́njú, kí ìtọ̀ rẹ̀ sì dúdú. Wọ́n ní Pythagoras, ọlọ́gbọ́n Gíríìkì àtijọ́, ka ẹ̀wà náà léèwọ̀ fún àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀. Èmi náà kì í sè é fún àlejò tí n kò mọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Revithia, èyí tí àwọn Lárúbáwá fi ń ṣe hummus, ni mo máa ń yan dípò rẹ̀.

Ọjà

Ẹ lọ sí ọjà àdúgbò tí wọ́n ń pè ní laiki, ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń ná an. Ẹ ra ọkà báálì kílò 2, èyí tí wọ́n ti bó èèpo òde rẹ̀; krithari lorúkọ rẹ̀ lẹ́nu wọn. Ìyẹ̀fun àlìkámà kílò 1 àtààbọ̀. Ẹ̀wà lẹ́ńtìlì gíráàmù 500, revithia gíráàmù 300. Àlùbọ́sà, áyù, èso kọriáńdà, oregano gbígbẹ, ewé míńtì tútù, yànmọ̀tí. Òróró ólífì lítà 1, kò gbọdọ̀ dín. Oyin táìmù ìgò kan, ọtí kíkan tí wọ́n fi wáìnì ṣe, ólífì inú omi iyọ̀, ọ̀pọ̀tọ́ gbígbẹ. Wáìnì pupa ìgò méjì ti tó, ẹ ó rí ìdí rẹ̀. Ewúrẹ́ ẹni tó wà ládùúgbò ni kí ẹ ti gba wàrà, lítà 5, kí wọ́n fún un láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ẹja palamida méjì, kílò kọ̀ọ̀kan. Bí kò bá sí, títúsì mẹ́rin tó sanra.

Alẹ́ tó ṣáájú

Ọkà báálì ni ẹ ó kọ́kọ́ fọwọ́ kàn. Pliny ará Róòmù ṣe àkọsílẹ̀ bí àwọn Gíríìkì ṣe ń ṣe é, ọ̀nà náà kò sì tíì ní ẹlẹgbẹ́: wọ́n á fi omi wọ́n ọkà, wọ́n á jẹ́ kó gbẹ mọ́jú, wọ́n á yan án lọ́jọ́ kejì, wọ́n á wá lọ̀ ọ́. Nítorí náà, ẹ da ọkà sínú abọ́ ńlá, ẹ da omi lé e, ẹ fọwọ́ rò ó fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ sẹ́ ẹ, kí ẹ sì tẹ́ ẹ sórí aṣọ mímọ́. Ẹ má rẹ ẹ́ sílẹ̀ bí ìgbà tí ẹ fẹ́ ṣe ògì. Èèpo nìkan la fẹ́ kó tutù, kí inú má jóná kí òde tó yan.

Ẹ rẹ revithia sínú omi oníyọ̀. Lẹ́yìn náà ni búrẹ́dì: ìyẹ̀fun àlìkámà kílò 1, ìwúkàrà olómi gíráàmù 250, èyí tí ẹ ti ń bọ́ láti ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn tàbí tí ẹ tọrọ lọ́wọ́ ìyá kan lábúlé (wọ́n á fún yín), omi mílílítà 620, iyọ̀ gíráàmù 20. Ẹ pò ó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ bò ó, kó sùn síbi tó tutù.

Aago méje àárọ̀

Búrẹ́dì àná díẹ̀ tí a rì bọ inú wáìnì tí a kò bu omi là ni oúnjẹ àárọ̀ wọn, akratisma lorúkọ rẹ̀. Ẹnu kan méjì ti tó fún ẹni tó fẹ́ tọ́ ọ wò. Ẹ dá iná sínú ààrò báyìí, igi ólífì tàbí igi óòkù gbígbẹ, nítorí wákàtí mẹ́ta gbáko ni amọ̀ ń gbà kó tó gbóná dénú.

Bí iná ṣe ń jó, wàrà ló kàn. Ẹ gbé lítà márùn-ún náà kaná títí yóò fi dé ìwọ̀n 72 Celsius, ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan ó kéré tán. Ẹ má fo ìpele yìí nítorí pé ẹnì kan ní wàrà tútù ló jẹ́ ojúlówó. Àrùn brucella ṣì wà lára ewúrẹ́ ní àgbègbè yẹn, ibà rẹ̀ sì lè fìyà jẹ ènìyàn fún oṣù púpọ̀. Ẹ sọ ìkòkò kalẹ̀, kó tutù dé ìwọ̀n 50, ìyẹn ìgbà tí ìka lè wà nínú rẹ̀ kí ẹ kà dé mẹ́ta, kó tó di pé ẹ yọ ọ́ fìrí.

Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ kí ẹ tó gé ẹ̀ka ọ̀pọ̀tọ́. Oje rẹ̀ funfun bíi wàrà gan-an, bó bá kan ara tí oòrùn sì pa á, ó máa ń bó ara bí iná. Ẹ gé ẹ̀ka tútù márùn-ún tó gùn tó àtẹ́lẹwọ́, ẹ fi ọ̀bẹ ha ara wọn, ẹ so wọ́n pọ̀, kí ẹ fi wọ́n ro wàrà náà yíká yíká fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ wo etí ìkòkò. Wàrà á kọ́kọ́ máa lẹ̀ mọ́ igi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, lẹ́yìn náà á dà bíi pé ẹnì kan ya á ní àárín, omi rẹ̀ á yọ ní àwọ̀ ewé gbígbó. Ẹ yọ ẹ̀ka kúrò kíákíá, nítorí oje tó bá pọ̀ jù á mú un korò. Ẹ bò ó fún ààbọ̀ wákàtí. Bí kò bá dì, ṣíbí ọtí kíkan mẹ́ta á tì í lẹ́yìn.

Ẹni tó bá ti ra wàrà lọ́wọ́ àwọn Fúlàní ní Ìlọrin tàbí Ògbómọ̀ṣọ́ ti mọ iṣẹ́ yìí. Oje ewé bòmubòmu ni àwọn ìyá yẹn ń lò. Aristotle, ọlọ́gbọ́n Gíríìkì, sọ pé oje ọ̀pọ̀tọ́ ni àwọn ará tirẹ̀ máa ń fi irun àgùntàn gbà, tí wọ́n á ṣan irun náà sínú wàrà díẹ̀, tí wọ́n á sì fi èyí dì tó kù. Ilẹ̀ méjì tó jìnnà síra, igi méjì olóje funfun, ọgbọ́n kan ṣoṣo. Gbogbo ìgbà tí mo bá ń fa ẹ̀ka yẹn yọ nínú ìkòkò ni ọ̀rọ̀ yìí máa ń wú mi lórí.

Ẹ fi ìgbakọ bu wàràkàṣì náà sínú apẹ̀rẹ̀ tí ẹ fi aṣọ fẹ́lẹ́ tẹ́, bí akéwì Homer ṣe sọ pé òmìrán olójú-kan Polyphemus ń ṣe nínú ihò rẹ̀. Iyọ̀ díẹ̀ lórí, kó máa ro. Ẹ má da omi rẹ̀ nù.

Aago mẹ́sàn-án: yíyan àti lílọ̀

Ibi yìí ni kí ẹ ti fara balẹ̀. Ẹ gbé agbada irin ka iná tí kò le. Ẹ da ọkà báálì sí i ní ẹ̀kúnwọ́ mẹ́ta mẹ́rin, kó má pọ̀ jù, kí ẹ sì máa rò ó láìdúró. Láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún, òórùn koríko á jáde. Lẹ́yìn rẹ̀ ni òórùn máa yí padà di ti àgbàdo yíyan, àwọn ẹyọ kan á máa ta nínú agbada. Ìgbà tó bá ní àwọ̀ ẹ̀pà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ yan, ẹ mú ẹyọ kan, ẹ fi eyín sán an. Bó bá dún kàù, tí inú rẹ̀ funfun, ó ti jinná. Ẹ dà á sórí àtẹ, ẹ gbé òmíràn sí i.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo ṣe é, mo fẹ́ kó yá. Mo fi iná sí i, òde rẹ̀ dúdú, inú rẹ̀ tútù, maza tí mo fi ṣe korò bí ewúro. Látìgbà náà, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mo ń fún agbada kọ̀ọ̀kan.

Bó bá ti tutù tán, ẹ gbé e lọ sórí ọlọ. Ọlọ tí àwọn Gíríìkì ayé Homer lò kò yàtọ̀ sí tiwa, òkúta pẹrẹsẹ àti ọmọ ọlọ, tí obìnrin á kúnlẹ̀ tì síwájú, tì sẹ́yìn. Nígbà tó yá ni wọ́n ṣe èyí tí a ń pè ní ọlọ Olynthus, tí òkúta òkè ní ihò gígùn tí ọkà ń gbà bọ́ sílẹ̀, tí igi kan sì dá bùú lórí rẹ̀ tí wọ́n fi ń tì í. Orúkọ ìlú tí Philip ọba Masidóníà pa run ní 348 ṣáájú ìbí Jésù ni wọ́n fi pè é, nítorí wọ́n wú púpọ̀ nínú irú ọlọ yìí jáde níbẹ̀. Ní abúlé, ẹ béèrè cheiromylos, ọlọ ọlọ́wọ́ tí ń yí po. Ọ̀pọ̀ ìdílé ló ṣì ní i nínú àká.

Kí gbogbo ènìyàn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ lọ̀ ọ́. Mo ń tẹnu mọ́ ọn. Nínú ìtàn ọba Odysseus tí Homer sọ, obìnrin méjìlá ló ń lọ ọkà fún ilé ọba. Mọ́kànlá ti parí, wọ́n ti sùn. Ọ̀kan tó kù, tí agbára rẹ̀ kéré jù, ṣì wà nídìí ọlọ ní ìdájí. Ó dá ọlọ dúró, ó ní kí òrìṣà jẹ́ kí òní jẹ́ ọjọ́ ìkẹyìn tí àwọn àlejò ọ̀jẹun yìí máa jẹun nílé yìí, nítorí iṣẹ́ lílọ̀ fún wọn ti já òun lórúnkún. Ẹni tó bá ti lo ogún ìṣẹ́jú nídìí ọlọ yóò mọ ìdí àdúrà yẹn.

Ẹ sẹ́ ẹ nínú asẹ́ tí ojú rẹ̀ fẹ̀ díẹ̀. Ohun tó wà lọ́wọ́ yín báyìí ni alphita. Ẹ bu díẹ̀ sẹ́nu, ẹ wò ó: ó ti jinná. Gaàrí àwọn Gíríìkì nìyí. Iná ti kọjá lára rẹ̀, nítorí náà ọmọ ogun àti darandaran lè gbé e sínú àpò lọ sọ́nà jíjìn, omi nìkan ló kù.

Pípo maza

Alphita gíráàmù 600, iyọ̀ ṣíbí kékeré kan, òróró ólífì ṣíbí ńlá mẹ́ta, oyin méjì. Ẹ fi ìka pa òróró mọ́ ìyẹ̀fun títí yóò fi rí bí iyanrìn tútù. Ẹ wá mú omi wàrà tó ṣẹ́kù lára wàràkàṣì, nǹkan bíi mílílítà 350, ẹ máa ta á sí i díẹ̀díẹ̀. Ẹ má dà á lẹ́ẹ̀kan. Ẹ dúró díẹ̀, kó mu, kó wú. Ẹ ó rí i tó ń yí padà lójú yín bí gaàrí ṣe ń wú nínú omi gbígbóná, bó tilẹ̀ jẹ́ pé omi yìí kò gbóná. Ẹ fi ọwọ́ pò ó, ẹ bu ìwọ̀n ẹyin kan, ẹ fún un mọ́ àtẹ́lẹwọ́: bó bá dì mú tí kò sì lẹ̀ mọ́ ọwọ́, ó tó. Bó bá ń fọ́, ẹ wọ́n omi sí i.

Ẹ mọ ọ́n ní pẹlẹbẹ, ìwọ̀n àkàrà kékeré, ẹ tò ó sórí ewé. Kò tún ní fojú kan iná mọ́. Àlejò á ní "ṣé a kò ní yan án ni?" Rárá. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́ ní Áténì, nítorí òjò kò pọ̀ ní ilẹ̀ Átíkà, ọkà báálì ló sì ń ṣe dáadáa níbẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi ló ń gbé àlìkámà wá láti etí Òkun Dúdú.

Ẹ fi alphita ẹ̀kúnwọ́ mẹ́jọ pamọ́ fún ohun mímu.

Ìkòkò ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́

Lẹ́ńtìlì kò gba wàhálà. Omi lítà 2, àlùbọ́sà méjì tí ẹ gé, áyù, kọriáńdà tí ẹ gún. Kó hó jẹ́jẹ́ nínú ìṣaasùn fún ogójì ìṣẹ́jú. Iyọ̀, òróró ólífì tó pọ̀ àti ṣíbí ọtí kíkan méjì ló gbẹ̀yìn. Àwọn Gíríìkì ní òwe kan nípa ẹni tó ń da lọ́fínńdà sínú ẹ̀wà lẹ́ńtìlì. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀fọ́ igbó, horta, kí ẹni tó mọ̀ ọ́n lábúlé já a fún yín, nítorí ewé olóró wà láàárín wọn. Ẹ bọ̀ ọ́, ẹ fún un, òróró àti ọtí kíkan. Ó tán.

Búrẹ́dì, lẹ́yìn náà ẹja

Ní nǹkan bí aago méjìlá, ẹ wo òrùlé ààrò nínú. Èéfín ti kọ́kọ́ sọ ọ́ di dúdú; bó bá ti padà funfun, ààrò ti gbóná tó. Ẹ wọ́ ẹyin iná àti eérú jáde sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ fi aṣọ tútù nu ilẹ̀ rẹ̀. Ẹ ju ìyẹ̀fun bíńtín sínú rẹ̀: bó bá dúdú lójú ẹsẹ̀, ẹ mú sùúrù; bí ẹ bá ka mẹ́wàá kó tó pọ́n, ẹ gbé búrẹ́dì wọlé. Ẹ gé ìyẹ̀fun tí ẹ pò sí mẹ́rin, ẹ fi ọ̀bẹ ya àgbélébùú sórí wọn, ẹ dí ẹnu ààrò. Ogójì ìṣẹ́jú. Búrẹ́dì tó jinná máa ń dún bí ìlù bí ẹ bá fi ìka kan ìdí rẹ̀.

Ní ti ẹja, Archestratus ará Gela ni ọ̀gá wa. Ó gbáyé ní nǹkan bí 350 ṣáájú ìbí Jésù, ó sì fi ewì kọ ibi tí ẹja kọ̀ọ̀kan ti dára jù àti bí a ṣe ń sè é. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ nípa palamida kúrú: ewé ọ̀pọ̀tọ́, oregano díẹ̀, kò sí wàràkàṣì, kò sí palapàlà, ẹ wé e, ẹ fi okùn dì í, ẹ bò ó mọ́ inú eérú gbígbóná, ẹ sì máa ṣọ́ ọ kó má jóná. Ìgbà ìwọ́wé ló ní ó dára jù. Ti Épírílì náà kò burú.

Ẹ yọ ìfun ẹja, ẹ fi iyọ̀ àti oregano pa á ní inú àti lóde. Ẹ ki ewé ọ̀pọ̀tọ́ bọ omi híhó fún ìṣẹ́jú kan kó rọ̀, oje rẹ̀ á sì dín kù. Ewé ìgbà ìrúwé kéré, nítorí náà ìpele mẹ́ta ni kí ẹ fi wé e, kí etí ewé gun ara wọn, bí ẹni ń pọ́n mọ́ínmọ́ín. Okùn tí ẹ ti rẹ sómi ni kí ẹ fi dì í. Ẹ tẹ́ eérú tó nípọn tó ìka mẹ́ta, ẹ gbé ẹja lé e, eérú lórí, ẹyin iná lórí eérú. Kílò kan á gba ogójì ìṣẹ́jú. Títúsì á gba ogún.

Bí ẹ bá fa okùn yẹn tú, ewé òde ti di èédú, ti àárín ti gbẹ, ti inú ṣì tutù tó lẹ̀ mọ́ awọ ẹja. Òórùn tó máa jáde, mi ò mọ ohun tí mo lè fi wé e: ó dà bí àgbọn, ó dà bí ewé tútù tí òjò pa. Gbogbo ariwo tó wà nídìí ààrò á dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀.

Dídín olóyin

Galen oníṣègùn ará Pergamon ṣàlàyé rẹ̀ yékéyéké: òróró ólífì nínú páànù lórí iná tí kò léèéfín, ìyẹ̀fun àlìkámà tí a fi omi púpọ̀ pò tí a dà sínú rẹ̀, kí a yí i lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta. Tagenitai ni. Ìyẹ̀fun gíráàmù 300, omi mílílítà 450, iyọ̀ ìfúnpọ̀ kan. Oyin àti yànmọ̀tí lórí. Àwọn ọmọdé ni kí ẹ fi iṣẹ́ ríro rẹ̀ lé lọ́wọ́. Revithia tí ẹ rẹ, ẹ sẹ́ ẹ, ẹ nù ún gbẹ, kí ẹ yan án nínú agbada lásìkò yìí kan náà.

Jíjẹ

Ẹ tẹ́ ewé sórí tábìlì, ẹ to maza àti búrẹ́dì sí àárín, kí opson yí wọn ká. Ọwọ́ ni a fi ń jẹ ẹ́.

Kí ẹnikẹ́ni tó mu, àwọn Gíríìkì máa ń ta wáìnì díẹ̀ sílẹ̀ fún Hestia, òrìṣà ààrò, òun ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, òun ni wọ́n fi ń parí. A kò ní kọ́ ọmọ Yorùbá ní ìtumọ̀ títa ọtí sílẹ̀. Ẹni tí ẹ̀sìn rẹ̀ kò bá gbà á láyè, kó jókòó jẹ́jẹ́, kò sí ẹni tó máa bínú.

Wáìnì ń kọ́? Omi ìdá mẹ́ta, wáìnì ìdá kan, bí akéwì Hesiod ṣe là á sílẹ̀. Inú abọ́ ńlá, krater, ni ẹ ó ti pò ó. Ẹni tó bá ń mu ún láìbu omi là, ará oko aláìlajú ni wọ́n ń kà á sí. Ìdí nìyí tí ìgò méjì fi tó ènìyàn mẹ́jọ.

Ẹni tí kì í mu ọtí, kykeon ni tirẹ̀, kò sì kéré lọ́lá, nítorí òun ni Demeter, òrìṣà ọkà, béèrè ní ìlú Eleusis nígbà tí wọ́n gbé wáìnì fún un tó kọ̀ ọ́. Alphita ẹ̀kúnwọ́ kan nínú ife omi tútù, ewé míńtì tí ẹ fọwọ́ ra, iyọ̀ tàbí oyin díẹ̀. Glechon ni ewé ti àtijọ́, ọmọ ìyá míńtì ni, ṣùgbọ́n ó léwu fún aboyún, ẹ má wá a kiri. Ẹ máa rò ó bí ẹ ṣe ń mu ún. Heraclitus, ọlọ́gbọ́n Gíríìkì mìíràn, sọ ọ́ pé kykeon pàápàá á ya kúrò lára ara rẹ̀ bí a kò bá rò ó, gbogbo wa tó sì ti mu gaàrí rí la mọ bó ṣe ń sùn sí ìdí ife.

Kí ẹ tó sùn

Búrẹ́dì kan yóò kù. Ẹ gé e ní nípọn bí ìka méjì. Ààrò ti tutù débi tí ọwọ́ lè wọ inú rẹ̀, ṣùgbọ́n amọ̀ rẹ̀ ṣì ń mí ooru jáde. Ẹ tò ó síbẹ̀, ẹ dí ẹnu ààrò, ẹ lọ sùn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni iná ti wá kàn án, paximadi sì lorúkọ rẹ̀ ní Kírétè títí dòní. Láàárọ̀, á ti le bí òkúta. Ẹ rì í bọ omi, ẹ fọ́ wàràkàṣì tó ṣẹ́kù sí i, ẹ ta òróró lé e lórí, kí ẹ jẹ ẹ́ kí ọkọ̀ tó dé.